Ẹlẹ́ṣin Tí Kò Sọ̀ Kalẹ̀

Ẹ jókòó, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ògúndáre, fi ìbọn rẹ ti ògiri, kò sí ẹran nínú ilé yìí. Omi nìyẹn, ẹ mu. Obì wà nínú àwo, ṣùgbọ́n ẹ má tíì pa á, nítorí ẹni tó bá pa obì jẹ nílé mi ti di àlejò mi, kò sì ní lè jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an mọ́. Mo mọ iṣẹ́ náà. Láti àná ni ìròyìn ti kárí ìlú pé Àsàbí, ọmọ tí Ìbídùn ọmọbìnrin mi bí ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, eyín òkè ló kọ́kọ́ hù. Àwọn àgbà ní èèwọ̀ ni, pé kí àwọn ọdẹ gbé e lọ sínú igbó, síbi tí wọ́n máa ń gbé irú wọn lọ láyé àtijọ́. Ẹ̀yin ni wọ́n rán. N kò ní bá yín jà. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín: ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan kí oòrùn tó kọjá igi orógbó yẹn. Bí mo bá sọ ọ́ tán tí ẹ sì fẹ́ gbé ọmọ náà, ẹ gbé e.

Ẹ kúkú mọ̀ mí. Èmi Ọdẹ́rìndé, tí mo pa ẹfọ̀n mẹ́ta láàárín ìkórè kan. Èmi tí àmọ̀tẹ́kùn pàdé lójú ọ̀nà oko, tó yà sínú koríko kí n lè rí ọ̀nà kọjá. Akínbọ̀, má rẹ́rìn-ín, bàbá rẹ wà níbẹ̀, bó bá ṣì wà láyé ì bá jẹ́rìí. Ọdẹ tí kò bá pọ́n ara rẹ̀ lé, ta ni yóò bá a pọ́n ọn lé, ṣé ẹran tó pa ni? Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe ìtàn àyà líle. Ìtàn ẹ̀rù ni. Ẹ̀rù náà mú mi láàárín rẹ̀, kò sì tíì fi mí sílẹ̀ di ìjókòó tí mo jókòó yìí.

Ó ti lé ní ogún ọdún. Ẹnì kan gba ọ̀nà Igbó Ìdákẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ẹlẹ́ṣin ni. Ẹ̀wù irin ló wọ̀, irin tí wọ́n fi òrùka kéékèèké hun bí àwọ̀n apẹja, ó bò ó láti ọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀. Àkẹtẹ̀ irin bo orí àti ojú rẹ̀, ihò méjì péré ló fi ń wòran. Ọ̀kọ̀ ọwọ́ rẹ̀ gùn ju ọ̀pá àjà ilé lọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹṣin kì í pẹ́ nínú igbó, eṣinṣin ibẹ̀ á bá a jà títí yóò fi kú. Ẹṣin tirẹ̀ kò kú. Ohun tó sì yà wá lẹ́nu jù ni pé kò sí ẹni tó rí i kí ó sọ̀ kalẹ̀ rí. Orí ẹṣin ló ti ń jẹun, orí ẹṣin ló ti ń sùn, orí ẹṣin ló ti ń pànìyàn. Ọdẹ méje ló pa, ó sì fi àpò wọn kọ́ sára igi àràbà kan bí ẹni sá aṣọ.

Kì í pa wọ́n lójú ẹsẹ̀. Bó bá mú ọdẹ kan, yóò gbé e ka orí igi, yóò wá wá ẹnì kan tó ń kọjá, bóyá obìnrin tó ń ṣẹ́gi, yóò ní, “Lọ sọ nílé rẹ̀ pé ó wà lórí igi. Mo fún ẹni tó bá fẹ́ wá mú un ní ọjọ́ mẹ́ta.” Ẹ̀ẹ̀meje ni iṣẹ́ náà dé ìlú yìí. Ẹnikẹ́ni kò lọ wò wọ́n. Àwọn kan tó láyà lọ láti bá a jà, ó mú àwọn náà, àwọn náà wà lára méje, ṣùgbọ́n ẹni tó lọ láti wá mú ẹni rẹ̀ bọ̀, a kò rí i. Èmi náà gbọ́, èmi náà jókòó. Ìgbà tí yóò di ẹ̀ẹ̀kẹjọ, orúkọ Àlàó àbúrò mi ni obìnrin kan tó lọ ṣẹ́gi dá. Ó dé ọ̀dọ̀ mi ní ọjọ́ kejì, ó ku ọjọ́ kan.

Kí n tó wọgbó, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa bàbá mi, Ọdẹ́wùmí, nítorí láìsí i ẹ kò ní lóye ìyókù. Ọmọ ọdẹ ni yín, ẹ mọ òfin ègùn. Pèpéle tí a ń fi igi kàn sókè igi láti dọdẹ, ẹni tí àgbà bá gbé ka orí rẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Kì báà jẹ́ òjò, kì báà jẹ́ ebi, àfi kí ẹni tó gbé e gùn ún padà wá, kí ó gbá ìdí igi lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó pe orúkọ rẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, à ó máa yìnbọn pa ara wa nínú koríko. Ẹni tó bá sì jogún àpò ọdẹ kan ti jogún gbogbo ègùn rẹ̀. Ó dáa. Nígbà tí bàbá mi ń kú lọ, oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ń béèrè ohun kan náà ní ìrọ̀lẹ́. Yóò di ọwọ́ mi mú, yóò ní, “Ṣé ó ti sọ̀?” A rò pé àárẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. A ó ní, “Ó ti sọ̀, Bàbá,” yóò sì sùn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kú, mo dá a lóhùn bẹ́ẹ̀.

Mo wọ Igbó Ìdákẹ́ ní òwúrọ̀. Mo dé odò kan tí n kò rí níbẹ̀ rí, àpáta wà láàárín rẹ̀, nǹkan kan jókòó sórí àpáta. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, síbẹ̀ ó ń wò mí, nítorí ẹ̀yìn orí ni ojú rẹ̀ wà. Mo sọ ọ́ ní Abojúlẹ́yìn lójú ẹsẹ̀, n kò sì bẹ̀rù rẹ̀ rárá, nítorí mo ṣì ní àyà mi nígbà náà.

Ó ní, “Ọdẹ́rìndé ọmọ Ọdẹ́wùmí, mo mọ gbogbo ibi tí o ti ń bọ̀. N kò mọ ibi tí ò ń lọ.”

Mo ní, “Ọ̀dọ̀ Ẹlẹ́ṣin ni mò ń lọ. Yà fún mi.”

“Àwọn tó lọ ṣáájú rẹ gba ibí. Ǹjẹ́ o mọ ohun tó pa wọ́n?”

“Ọ̀kọ̀ ni.”

“Àyà ni. Ẹni tó láyà kì í fetí sílẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ tán. Fi tìrẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, n ó sì jẹ́ kí o kọjá.”

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi àyà ọdẹ ṣe. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó ní láti ìgbà tí òun ti jókòó sórí àpáta yìí, omi ló ń ba òun lẹ́rù, òun kò lè sọ̀dá. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo sì rò pé àyà tèmi pọ̀, bí mo bá bu díẹ̀ fún un, yóò ṣẹ́kù. Mo ní, “Mo yá ọ. Ìgbà wo lo máa dá a padà?” Ó ní, “Bí mo bá sọ̀dá tán.” Ó nawọ́, ó fi ìka kan kan àyà mi, ó dìde, ó gba inú omi kọjá bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ, ó wọgbó lọ. Láti ọjọ́ náà n kò fi ojú kàn án mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má yá ẹni tí ojú rẹ̀ wà lẹ́yìn ní nǹkan, kì í rí ọ̀nà ilé yín.

Nígbà náà ni ẹ̀rù dé. Ewé kan jábọ́, mo fò. Ọ̀kẹ́rẹ́ sáré lórí ẹ̀ka, mo sá sẹ́yìn igi. Igbó tí mo ti ń rìn láti kékeré wá di ilé àjèjì, igi kọ̀ọ̀kan dàbí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yí padà pé ilé ni mò ń lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rántí Àlàó lórí igi tó wà, tí gbogbo ohun tó bá ta pútú nísàlẹ̀, yóò máa rò pé èmi ni. Mò ń lọ, mò ń sunkún. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sunkún, àgbà ọdẹ. Ẹ lè sọ ọ́ fún àwọn tó rán yín.

Mo dé ìdí àràbà. Mo rí àpò méje. Mo rí Àlàó lókè, ètè rẹ̀ ti gbẹ, kò lè sọ̀rọ̀, ó kàn ń wò mí. Kí n tó pè é, mo gbọ́ tí irin ń dún lẹ́yìn mi, kò dún kíkan, ó rọra ń dún bí ẹni ń da owó ẹyọ láti ọwọ́ kan sí èkejì. Mo yí padà. Ẹṣin náà ti dé iwájú mi, kò mí rárá, kò fi ìrù lé eṣinṣin. Ẹni tó wà lórí rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí mo ní láti gbé ojú sókè bí ọmọdé. Ìbọn bọ́ lọ́wọ́ mi. N kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó bọ́.

Ó ní, “Kí lo wá ṣe?”

“Mo wá mú àbúrò mi. Ẹ̀rù ń bà mí.”

Ó ní, “Àwọn tó kù wá fi ìbọn kí mi. Ìwọ nìkan lo wá mú ẹnì kan. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò wá mú àwọn méje yẹn?”

Mo ní, “Ẹ̀rù ló bà wá. A jókòó sílé.”

“Ó dáa. Àlọ́ méjì ni mo ní àti ìbéèrè kan. Bí o bá purọ́ nínú èyíkéyìí, ìwọ àti àbúrò rẹ ni ikú. Àkọ́kọ́ rèé. Ẹkùn kọjá lábẹ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ sá. Òjò ń pa á, kò gbọdọ̀ wá ibòji. Ebi ń pa á, kò gbọdọ̀ ké. Kì í ṣe ẹrú, wọn kò sì dè é lókùn. Ta ni?”

Iṣẹ́ wa kúkú ni. Mo ní, “Ẹni tó wà lórí ègùn ni.”

“Èkejì. Bàbá kan sọ ẹrù kalẹ̀ sínú igbó, ó padà sílé lọ́wọ́ òfo. Síbẹ̀ ẹrù náà kò kúrò lọ́rùn rẹ̀ títí tó fi kú. Ẹrù kí ni?”

Èyí kò yé mi. Bí mo bá láyà ni, ǹ bá ti ju ìdáhùn kan sí i bí ẹni ju òkò, ǹ bá sì ti kú. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Mo dúró, mo sì gbọ́ ohùn bàbá mi ketekete nínú etí mi: ṣé ó ti sọ̀? Mo ní, “Ọmọ ni. Ọmọ tí ó gbé ka orí ègùn tí kò padà wá mú.”

Ó rẹ ọ̀kọ̀ náà sílẹ̀. Ìgbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

Ó ní Adéṣìpẹ̀ ni orúkọ òun, ọba ìlú wa ló bí òun. Eyín òkè ló kọ́kọ́ hù lẹ́nu òun. Ìyá òun rí i, ó fi í pamọ́, ó ń fi ìbòrí bo ẹnu òun níta títí ti ìsàlẹ̀ fi hù. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi gbé ayé wọn ní àlàáfíà. Ọjọ́ kan ni ìjà bẹ́ láàárín àwọn olorì, obìnrin kan tó bá wọn tọ́jú òun la ẹnu rẹ̀, ó tú àṣírí. Odò kún ní ọdún yẹn, ó gbé oko lọ, wọ́n sì rí ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi náà rù. Ọba ní kí ọdẹ kan mú òun lọ. Ọdẹ náà di òun lọ́wọ́ mú, ó ń kọ́ òun ní orúkọ ẹyẹ lójú ọ̀nà, inú òun sì ń dùn pé òun fẹ́ di ọdẹ. Ó gbé òun ka orí ègùn. Ó ní, “Mò ń lọ lé ẹran bọ̀. Má sọ̀ kalẹ̀ o, àfi bí mo bá pè ọ́.”

“N kò sọ̀,” ni ó wí. “Mo ka oorun mẹ́rin. Àwọn ẹlẹ́ṣin kan ń ti òkè Ọya bọ̀, ogun ni wọ́n ń lọ. Ọ̀gá wọn rí mi, ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀, mo ní kì í ṣe òun ló gbé mi gùn ún. Ó rẹ́rìn-ín. Ó mú ẹṣin kan wá sábẹ́ ègùn, ó ní ṣé mo lè ti orí èyí bọ́ sórí ìyẹn. Mo bọ́ sí i. Ẹsẹ̀ mi kò kan ilẹ̀, n kò sì rú òfin. Ó fi ẹgba kọ́ mi ní ọ̀kọ̀. Ó ní bí mo bá pa ẹni mẹ́wàá òun yóò mú mi lọ sílé. Mo pa mẹ́wàá. Ó ní ogún. Nígbà tí mo mọ̀ pé irọ́ ni, òun ni mo pa ṣe ìkọkànlélógún. Mo padà síbí, nítorí ibí ni ọdẹ náà mọ̀ pé mo wà.”

Ó na ọ̀kọ̀, ẹnu rẹ̀ kan mi lọ́fun.

“Ọdẹ́wùmí ni orúkọ rẹ̀. O mọ̀ ọ́n?”

Àlàó ń wò mí láti òkè. Mo ní, “Bàbá mi ni.”

“Ṣé ó gbàgbé mi ni, àbí kò ní in lọ́kàn láti padà?”

Ẹni tó láyà lè purọ́ dáadáa. Ì bá ní àìsàn ló dá bàbá òun dúró, ì bá ní odò ló kún, ì bá gba orúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Èmi kò láyà láti purọ́. Mo ní, “Kò ní in lọ́kàn láti padà. Ó tàn ọ́. Ṣùgbọ́n kò gbàgbé. Nígbà tó ń kú lọ, ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń bi wá bóyá o ti sọ̀.”

“Kí lẹ wí?”

“A ní o ti sọ̀.”

“Irọ́ ni.”

“Irọ́ ni.”

Ó ní, “Ní báyìí ńkọ́?”

Mo wo àpò tó wà ní èjìká mi. Àpò bàbá mi ni, èmi ni mo jogún rẹ̀. Mo rìn lọ sí abẹ́ ọ̀kọ̀, ìtọ̀ ti ń bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀, mo fi ọwọ́ gbá ẹsẹ̀ iwájú ẹṣin náà lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni gbá ìdí igi. Ó tutù bí irin àgbẹ̀dẹ tí iná ti kú lórí rẹ̀. Mo ní, “Adéṣìpẹ̀ o. Iṣẹ́ ọdẹ ti parí. Sọ̀ kalẹ̀, ká lọ sílé.”

Ọ̀kọ̀ kọ́kọ́ bọ́. Lẹ́yìn náà ló ṣí àkẹtẹ̀. Mo ti ń retí iwin, ẹgbẹ́ mi ni mo rí, ọkùnrin tó ti ń hewú díẹ̀ bí mo ṣe ń hewú nígbà náà, omi ń dà lójú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ, kò lè gbé e. Mo bọ́ irin kúrò lára rẹ̀, mo pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ọmọ. Ẹṣin náà dúró síbẹ̀, ó sì wó lulẹ̀ ní ìdákẹ́, ó di egungun tó ti pẹ́. Adéṣìpẹ̀ pe orúkọ Àlàó, Àlàó sọ̀ kalẹ̀, ó kó àpò méje náà rù, ó ń tẹ̀ lé wa. N kò sọ pé Adéṣìpẹ̀ jàre o. Ọmọ ọlọ́mọ méje ló pa nínú ìlú yìí nìkan, mo sì mọ ìyàwó wọn. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí bó ṣe wà lẹ́yìn mi. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń bi mí, “Ṣé ìyá mi ṣì wà?” Mo ní ó ti kú. Ó tún bi mí, “Eyín mi nìkan náà ni?” Ó sì ya ẹnu kí n wò ó. Mo wò ó. Eyín ni, bí eyín tèmi, bí eyín tiyín.

Nígbà tí a rí odi ìlú, ó ní kí n sọ òun kalẹ̀. Mo sọ ọ́. Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, ó dì mí lọ́rùn mú, ó ní, “Ilẹ̀ tutù.” Kò sọ nǹkan mìíràn mọ́ kí ó tó kú. Òkìtì tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, tí ẹ máa ń ju ewé sí bí ẹ bá ń lọ sóko, tí àwọn bàbá yín ní ọdẹ kan ló wà níbẹ̀, òun nìyẹn. Èmi àti Àlàó la gbẹ́ ẹ.

Ìtàn mi parí, oòrùn kò sì tíì kọjá orógbó. Ìbọn mi wà lórí àjà, n kò gbé e sọ̀, ẹ wò ó. Abojúlẹ́yìn kò dá àyà mi padà, ẹ̀rù yín sì ń bà mí láti ìgbà tí ẹ ti wọlé. Ìbídùn, gbé Àsàbí jáde wá. Gbé e wá, má sunkún. Ògúndáre, gbà á, gbé e lé ẹsẹ̀ rẹ, ìwọ ni olórí wọn, ìwọ ni yóò gbé e lọ. Òun nìyí. Eyín rẹ̀ méjèèjì nìyẹn, ó ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín sí ọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí ẹ tó dìde. Bí o bá gbé e kalẹ̀ nínú igbó tí ó sì ń wò ọ́ báyìí, kí lo máa sọ fún un pé ò ń lọ ṣe?

Ògúndáre. Kí lò ń wá nínú àwo obì?

Pa á, ọmọ mi. Fún Akínbọ̀ ní awẹ́ kan.